Orin Àgbà Lẹ́nu Akọrin Ìwòyí: Àgbéyẹ̀wò Àwo Ìbọ̀wọ̀, láti Amẹ́ríkà dé Ifọ́n

Àwo ìbọ̀wọ̀ ni àwo tí akọrin kan fi tún orin àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kọ, láti orí orin kìn-ín-ní dé èyí tó kẹ́yìn. Kì í ṣe àkójọ, níbi tí ilé-iṣẹ́ ti ń kó orin àtijọ́ jọ láìfọwọ́ kàn án. Kì í sì í ṣe rímíìsì, níbi tí wọ́n ti ń mú ohùn olóògbé, tí wọ́n ń ki ìlù tuntun bọ abẹ́ rẹ̀. Nínú àwo ìbọ̀wọ̀, orin jẹ́ ti àgbà, ẹnu àti ọwọ́ jẹ́ ti ẹni tó ń kọ ọ́ lónìí. Ní Amẹ́ríkà, irú àwo bẹ́ẹ̀ ti di òwò tó dá dúró, tó sì ní ẹ̀bùn Grammy tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, orin àgbà kò kúrò lẹ́nu ọmọdé rí, ìbáà ṣe ní òde àríyá tàbí ní ilé ìjọsìn, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí akọrin kan ya odidi àwo sọ́tọ̀ fún orin àgbà kan. Ìyàtọ̀ yìí kò ti ọ̀dọ̀ àìmọyì àgbà wá. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣẹ̀dá orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ló fà á.

Àwọn orin tí àwọn akọrin Amẹ́ríkà sábà máa ń tún kọ jáde láàárín nǹkan bí ọdún 1920 sí 1955, láti orí ìtàgé Broadway ní New York àti láti inú fíìmù Hollywood. Àwọn tó ṣẹ̀dá wọn, bíi George Gershwin, Cole Porter, Harold Arlen, Richard Rodgers àti Lorenz Hart, kì í ṣe olórin tó ń kó báńdì kiri òde. Wọ́n á jókòó ti dùùrù, wọ́n á kọ orin sórí ìwé, ilé-ìtẹ̀wé á sì tà á fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ nínú orin wọn ló ní ìwọ̀n kan náà: ìdá 32, tí wọ́n pín sí mẹ́jọ-mẹ́jọ lọ́nà mẹ́rin. Mẹ́jọ kejì tún ti àkọ́kọ́ sọ, ìkẹta yà sí ibòmíràn, ìkẹrin sì padà sílé. Akọrin tó bá mọ ìwọ̀n yìí lè bá báńdì tí kò rí rí pàdé lálẹ́ kan, kí wọ́n sì jọ ṣe é láìtàsé. Ọ̀rọ̀ inú orin náà kò dárúkọ ẹnikẹ́ni: olólùfẹ́ ni, ìjákulẹ̀ ni, òṣùpá ni, òjò ni. Orin tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, gbogbo ènìyàn ló ni ín.

Ella Fitzgerald ló la ọ̀nà àwo ìbọ̀wọ̀ ńlá. Ní ọdún 1956, Norman Granz dá ilé-iṣẹ́ Verve sílẹ̀, ó sì ní kí Ella kọ orin Cole Porter nìkan fún odidi àwo. Àwo náà tà, wọ́n sì ń ṣe irú rẹ̀ lọ títí di ọdún 1964, àwo mẹ́jọ lápapọ̀. Láti ìgbà náà, akọrin tó bá ti gbajúmọ̀ nínú irú orin mìíràn máa ń fi àwo bẹ́ẹ̀ wá ipò tuntun. Willie Nelson, ọba orin kọ́ńtìrì, ṣe Stardust ní 1978. Linda Ronstadt ṣe tirẹ̀ ní 1983. Natalie Cole ṣe Unforgettable ní 1991, ó sì fi ẹ̀rọ bá bàbá rẹ̀ Nat King Cole, tó ti kú láti 1965, kọrin pọ̀. Rod Stewart bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ tirẹ̀ ní 2002. Kí a sọ òótọ́, kì í ṣe ìfẹ́ orin nìkan ló ń gbé gbogbo wọn débẹ̀. Ẹni tí orin tirẹ̀ kò tà mọ́ mọ̀ pé orin àgbà kì í kùtà.

Láàárín gbogbo àwọn tó ti gba ọ̀nà yìí, ọmọ Nàìjíríà kan wà tí orúkọ rẹ̀ gùn ju èyí tó wà lára àwo rẹ̀ lọ. Seal Henry Olusegun Olumide Adeola Samuel ni wọ́n bí ní London ní ọdún 1963, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ó gbé àwo kan jáde tó pè ní Standards. Sítúdíò Capitol ní Los Angeles, níbi tí Frank Sinatra ti ṣe ọ̀pọ̀ àwo rẹ̀, ni wọ́n ti ṣe é, pẹ̀lú àwọn kan nínú àwọn olóhun-èlò tó bá Sinatra ṣiṣẹ́ rí. Orin Cole Porter wà níbẹ̀, ti Rodgers àti Hart wà níbẹ̀, Smile tí Charlie Chaplin ṣẹ̀dá ohùn rẹ̀ fún fíìmù ní 1936 náà wà níbẹ̀. Wọ́n yàn án fún Grammy ti ọdún 2019, ṣùgbọ́n Willie Nelson, tó ti wà lẹ́nu irú iṣẹ́ náà láti ogójì ọdún, ló gbà á.

Àwo Seal kò dọ́gba látòkè délẹ̀. Ohùn rẹ̀ ha díẹ̀, ó sì ní èéfín nínú. Níbi tí orin bá ti fẹ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀, bíi I Put a Spell on You, tí Screamin' Jay Hawkins kọ́kọ́ kọ ní 1956, Seal wà nílé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn orin Sinatra, àwọn fèrè idẹ wọlé níbi tí wọ́n ti ń wọlé fún Sinatra, wọ́n sì dákẹ́ níbi tí wọ́n ti ń dákẹ́ fún un. Agbádá tí wọ́n rán fún ẹlòmíràn ni. Ẹni tó wọ̀ ọ́ lè ga, kó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló mọ ẹni tí wọ́n wọn aṣọ sí lára. Nígbà tó ṣe àwo Soul ní 2008 pẹ̀lú David Foster, tó kọ orin Sam Cooke, irú ìṣòro yìí ti wà níbẹ̀. Ìbọ̀wọ̀ tó pọ̀ jù lè mú kí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ pàdánù ara rẹ̀.

Ní ọdún 2017 kan náà, ọmọ Èkó kan fi ọ̀nà mìíràn hàn. Tony Allen, tí wọ́n bí ní 1940, ló lu ìlù fún Fela Kuti láti ìgbà ẹgbẹ́ Koola Lobitos títí ó fi kúrò nínú Africa 70 ní òpin àwọn ọdún 1970. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìlù Afrobeat ti jáde. Kó tó di pé ó bá Fela pàdé, àwo Art Blakey àti Max Roach ló fi kọ́ra, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀dúdú tó jẹ́ ọ̀gá nídìí ìlù jáàsì. Nígbà tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ilé-iṣẹ́ Blue Note gbé àwo kékeré rẹ̀ jáde, orin mẹ́rin péré, tó fi bọ̀wọ̀ fún Blakey. Moanin' àti A Night in Tunisia wà nínú rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí olùgbọ́ fetí sí níbẹ̀ ni ọwọ́ Allen. Nínú Moanin' ti 1958, ìlù Blakey ń lọ bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn, igbá idẹ orí sì ń fọ̀ lé e lórí. Allen kò rìn bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lórí ìlù ńlá, ẹsẹ̀ òsì ń sọ tirẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ò sì fèsì fún ara wọn níbi tí etí ti ń retí. Ohùn orin tí àwọn fèrè ń fọn kò yí padà rárá, ìpìlẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló yí padà pátápátá. Kò sí ẹni tó lè sọ pé Blakey ló ń lù ú, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé orin Blakey kọ́. Allen kú ní Paris ní oṣù kẹrin ọdún 2020. Orin mẹ́rin yẹn wúwo ju ọ̀pọ̀ àwo tó ní orin méjìlá lọ.

Angélique Kidjo, ọmọ Ouidah ní ilẹ̀ Benin, lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2018, ó tún gbogbo àwo Remain in Light ti ẹgbẹ́ Talking Heads kọ, àwo tí àwọn ará New York yẹn ṣe ní 1980 lẹ́yìn tí wọ́n ti gbọ́ Fela. Ọdún tó tẹ̀lé e ló gbé Celia jáde, orin mẹ́wàá fún Celia Cruz ti Cuba, tó kú ní 2003. Celia kọrin fún Yemọja, fún Ọya, fún Ẹlẹ́gbára, ní ilẹ̀ tí àwọn ẹrú Yorùbá gbé òrìṣà wọn lọ. Kidjo yọ dùùrù sálísà kúrò, ó fi gìtá àti ìlù ilé dípò, Tony Allen náà sì wà lára àwọn tó bá a lù ú. Àwo náà gba Grammy ní 2020. Orin tó ti kúrò ní etíkun yìí láti ayé ẹrú gba ọ̀nà Havana padà sílé, kò sì sí olùgbọ́ ní Ajaṣẹ́ tàbí ní Kétu tí yóò ní òun kò mọ orúkọ tó wà nínú rẹ̀.

Nílé ńkọ́? Jáàsì kì í ṣe àlejò ní Nàìjíríà. Àwọn báńdì háíláìfù ti Èkó àti Ìbàdàn láyé Bobby Benson àti Victor Olaiya ń fọn fèrè idẹ bíi ti Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń fi orin ìbílẹ̀ sí i. Louis Armstrong fúnra rẹ̀ wá sí Nàìjíríà ní 1960, ọdún òmìnira. Ní agbègbè tó di Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí, Roy Chicago láti Ìkàrẹ́ fi gángan kún háíláìfù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ àwo ìbọ̀wọ̀ kàn jù ní agbègbè yìí ni ọmọ Ifọ́n, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀.

Stephen Oladipupo Olaore Owomoyela ni orúkọ rẹ̀; Orlando Owoh ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Òṣogbo ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 14, oṣù kejì, ọdún 1932, ṣùgbọ́n Ifọ́n ni ìdílé bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe kó tó wọ ẹgbẹ́ eré Kọ́lá Ògúnmọ́lá ní 1958, níbi tó ti ń lu ìlù tó sì ń kọrin. Ní 1960 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Omimah Band. Nígbà tó yá ẹgbẹ́ náà di Young Kenneries, lẹ́yìn náà African Kenneries. Fún ọdún tó lé ní ogójì, jùjú gòkè, fújì gòkè, Orlando kò kúrò lójú agbo. Àwo rẹ̀ lé ní 40. Ní 1995, ilé-iṣẹ́ Original Music kó díẹ̀ nínú orin rẹ̀ jọ sórí CD fún àwọn olùgbọ́ òkèèrè. Ó kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2008.

Ẹni tó bá gbọ́ Orlando lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì í mọ̀. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó ha, ó sì máa ń jáde bí ẹni pé ó ti bá ọ̀rọ̀ jìjàkadì kó tó sọ ọ́. Gìtá ló máa ń ṣíde. Á máa sọ gbólóhùn kúkúrú kan léraléra títí ìlù yóò fi jókòó dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá yóò gbé òwe kan kalẹ̀, àwọn elégbè yóò gbè é, ọ̀gá yóò ya sí ìtàn, láti ìtàn sí ìkìlọ̀, láti ìkìlọ̀ sí oríkì olówó kan tó ń bẹ ní ìlú báyìí-báyìí. Ojú kan àwo lè tó ìṣẹ́jú 15 sí 20 láìdúró. Ẹni tó ra àwo náà kò ra orin mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ méjì gígùn ló rà, ìkan lójú kìn-ín-ní, ìkan lẹ́yìn.

Ibí ni ìṣòro wà. Orin Porter wà lórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́. Orin Orlando kò sí níbikíbi àfi lẹ́nu Orlando àti lórí àwo rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ lónìí yóò kọ́kọ́ pinnu ohun tí orin náà jẹ́. Ṣé kó fi oríkì olówó tó ti kú síbẹ̀ ni, tàbí kó yọ ọ́? Bó bá yọ ọ́, ó ti yọ ibi tí ìlù ti ń gbóná jù. Bó bá fi tirẹ̀ dípò, ó ti di orin mìíràn. Ìṣòro kejì wà nínú ohùn èdè. Orin Gẹ̀ẹ́sì lè gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe wu akọrin, ìtumọ̀ kò ní yẹ̀. Ní Yorùbá, àmì ohùn ló ń darí orin. Akọrin tó bá fẹ́ yí ohùn orin padà bí àwọn oníjáàsì ṣe máa ń ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní lọ́kàn láìmọ̀. Ààyè tó ṣẹ́ kù fún un ni ìlù, gìtá àti ìyára, èyí tí Tony Allen lò dáadáa.

Kì í ṣe pé agbègbè náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń tún orin àtijọ́ kọ. Ọdún Ìgógó ní Ọ̀wọ̀, tí wọ́n ń ṣe ní oṣù kẹsàn-án fún ìrántí Ọ̀rọnsẹ̀n, aya Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ̀n, jẹ́ ẹ̀rí tó tó. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi ń ṣe é, ìlù kò sì gbọdọ̀ dún níbẹ̀. Agogo irin ló ń dún, àwọn ènìyàn kì í dé fìlà, àwọn obìnrin kì í wé gèlè, Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ yóò di irun, yóò sì lo ìlẹ̀kẹ̀ iyùn. Orin tí wọ́n ń kọ sí agogo yìí ti ọwọ́ ìran dé ọwọ́ ìran, kò sí ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìlú ló ni orin. Orin Orlando kò sí ní ẹgbẹ́ yẹn, nítorí ó ní olórí tí gbogbo ayé mọ̀, kò sì sí ní ẹgbẹ́ orin Broadway, nítorí kò ní ìwé. Àárín méjì ló wà.

Nítorí náà, àwọn akọrin ìwòyí ní Nàìjíríà ti wá ọ̀nà tó rọrùn ju odidi àwo lọ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni orin kan ṣoṣo. Ní 2013, 2Baba lọ bá Victor Olaiya, wọ́n sì jọ tún Baby Jowo kọ, àgbà lórí kàkàkí rẹ̀, ọmọ lórí ẹsẹ̀ tuntun. Flavour fi Sawale ti Rex Lawson ṣe Nwa Baby, ó sì gbajúmọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ọmọdé rò pé tirẹ̀ ni. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n mú àṣà, kí wọ́n fi orin sílẹ̀: The Cavemen gbé Roots jáde ní 2020, háíláìfù pọ́nbélé tí àwọn fúnra wọn ṣẹ̀dá. Ọ̀nà kẹta, tó sì dára jù lójú àgbéyẹ̀wò yìí, ni ti Kúnlé Téjúoṣó, ẹni tó ni ilé ìtajà àwo Jazzhole ní Èkó. Ó kó àwọn àgbà olórin tí ayé ti gbàgbé jọ padà sí sítúdíò àti sórí ìtàgé nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà, Fàtáì Rolling Dollar sì wà lára wọn, ẹni tí gìtá rẹ̀ kọ́ ọ̀pọ̀ olórin. Rẹ̀mí Vaughan-Richards ya ìtàn wọn sí fíìmù tó pè ní Fààjì Àgbà ní 2015. Fàtáì ti kú ní 2013 kí fíìmù náà tó jáde.

Òfin náà ní ohun tó ń sọ. Òfin ẹ̀tọ́ àwọn òǹṣẹ̀dá ti 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, ya orin sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn tó wà lórí àwo. Orin jẹ́ ti ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ àti àwọn àrólé rẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú. Ohùn orí àwo ní 50 ọdún lẹ́yìn tó jáde. Ní ti Orlando, ẹ̀tọ́ orin tó ṣẹ̀dá fúnra rẹ̀ yóò wà títí di òpin 2078. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àwo ìbọ̀wọ̀ fún un gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni orin. Bó bá fẹ́ lo ohùn Orlando gan-an, ó tún gbọ́dọ̀ lọ bá ẹni tó ni àwo, ẹni yẹn sì lè jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ti pa dà di òmíràn lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ẹgbẹ́ agbowó-ẹ̀tọ́ bíi MCSN àti COSON wà, ìjà àárín wọn sì ti pẹ́ tó láti mú kí olórin ọ̀dọ́ má mọ ẹni tí yóò sanwó fún.

Bí irú àwo bẹ́ẹ̀ yóò bá jáde láti Ifọ́n tàbí láti Ọ̀wọ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti sítúdíò. Ẹnì kan ní láti jókòó ti àwo tó lé ní 40 yẹn, kí ó yọ ibi tó lè dá dúró bí orin nínú ojú àwo oníṣẹ́jú 20 kọ̀ọ̀kan: Iyawo Olele níhìn-ín, Logba Logba lọ́hùn-ún, òwe kan tí elégbè gbè lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ìtàn kan tó ní orí tó sì ní ìdí. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹni tí kò gbọ́ èdè agbègbè náà dáadáa má bàa ṣì í pè. Kí ó wá onígìtá tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi gìtá sọ̀rọ̀ kó tó kan akọrin, nítorí nínú orin Orlando, gìtá ló ń kọ́kọ́ kí àlejò. Bí a bá rí lára àwọn tó bá Orlando lu ìlù tí wọ́n sì bá a gbè tí wọ́n ṣì wà láyé, ọjọ́ orí wọn á ti ga. Bí wọ́n bá pè wọ́n sí ìdánrawò, wọ́n lè tọ́ka síbi tí oríkì bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí orin parí, ohun tí kò sí lórí páálí àwo kankan.